Sinimá Àríhe: Àlọ́ Tí Kì Í Ké "Ààlọ́ O!"

Kò sí ẹni tó ń pa àlọ́ nílẹ̀ wa tí kì í kọ́kọ́ ké "Ààlọ́ o!" kí àwọn ọmọ tó yí i ká sì dáhùn pé "Ààlọ̀!" Ọmọ tó bá ti dáhùn ti gbà pé eré ti bẹ̀rẹ̀. Iwin olórí méje lè jáde láti inú igbó, ẹ̀rù lè ba ọmọ náà débi pé kò ní lè dá lọ sí ẹ̀yìnkùlé, ṣùgbọ́n ó mọ̀ nínú ọkàn rẹ̀ pé àlọ́ ni. Àwọn òyìnbó kan ní Amẹ́ríkà ti wá rí irú àlọ́ mìíràn ṣe, èyí tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ yọ "Ààlọ́ o!" kúrò níwájú rẹ̀, wọ́n sì ń fi í pa owó rẹpẹtẹ. Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin tíṣà tí ọmọ yín ń wo fóònù lóru, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín.

Sinimá àríhe ni mo pè é, nítorí ohun tó ń sọ nìyẹn: pé àwọn kan gbé ẹ̀rọ ayàwòrán lọ sí ibì kan, wọn kò padà bọ̀, ẹlòmíràn ló rí àwòrán wọn he, òun sì ni a ń wò yìí. Àwòrán á máa mì jìgìjìgì, òkùnkùn á pọ̀, a ó máa gbọ́ mímí ẹni tó ń sáré, a kò sì ní rí ohun tó ń lé e dáadáa. Àwọn àgbà ní ẹni tó rí nǹkan he tó fẹ́ kú tì í, kí ni kí ẹni tó sọ ọ́ nù ó ṣe? Nínú sinimá wọ̀nyí, ẹni tó sọ ọ́ nù ti kú ná, kò lè wá já ẹnikẹ́ni nírọ́. Ibẹ̀ gan-an ni ọgbọ́n ọjà náà wà.

Èyí tó gbajúmọ̀ jù nínú wọn ni The Blair Witch Project, tí Daniel Myrick àti Eduardo Sánchez ṣe. Nínú igbó ní ìpínlẹ̀ Maryland ni wọ́n ti yà á ní oṣù Kẹwàá 1997, kò gbà wọ́n ju bí ọjọ́ mẹ́jọ lọ. Ìtàn náà ni pé akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta wọ igbó lọ ní 1994 láti wádìí àjẹ́ kan ní ìlú Burkittsville, wọ́n sì di àwátì. Ìlú Burkittsville wà lóòótọ́; àjẹ́ ọ̀hún ni kò sí níbẹ̀ rí. Kí sinimá náà tó jáde ní 1999 ni àwọn tó ṣe é ti gbé ìtàn yìí sórí íntánẹ́ẹ̀tì bí ẹni pé ìròyìn ni, pẹ̀lú ẹ̀rí àti àbọ̀ ìwádìí tí wọ́n fúnra wọn rọ. Orúkọ àwọn òṣèré gan-an ni wọ́n lò nínú eré. Wọ́n ń pín ìwé kiri pé a ń wá àwọn ọmọ tó sọnù. Ojú ìwé kan tí àwọn ènìyàn ti ń wádìí òṣèré lórí íntánẹ́ẹ̀tì tilẹ̀ kọ ọ́ pé àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti sọnù, ó jọ pé wọ́n ti kú. Àwọn ènìyàn ń fi káàdì ìbánikẹ́dùn ránṣẹ́ sí ìyá Heather Donahue tó ṣe akẹ́kọ̀ọ́ obìnrin inú eré náà, bẹ́ẹ̀ ọmọ rẹ̀ wà láàyè, kò ṣe é ní nǹkan kan.

Ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ gbọ́ iye owó. Kò tó 100,000 dọ́là tí wọ́n ná láti ya àwòrán náà; ohun tó pa wọlé káàkiri àgbáyé fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù 250 dọ́là. Àwọn ará Burkittsville ní tiwọn rí àlejò tí wọn kò pè, wọ́n ń jí pátákó orúkọ ìlú wọn gbé lọ. Ní 2024, lẹ́yìn ọdún 25, àwọn òṣèré mẹ́ta náà kọ lẹ́tà gbangba sí Lionsgate, ilé-iṣẹ́ tí sinimá náà wà lọ́wọ́ rẹ̀, pé kí wọ́n san ohun tó tọ́ sí àwọn. Òkú kì í béèrè owó iṣẹ́. Àwọn wọ̀nyí béèrè.

Ní ti Blair, àwọn tó ni ọjà ló dá ìtàn sílẹ̀. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, nǹkan yí padà: ìtàn ló kọ́kọ́ jáde lórí íntánẹ́ẹ̀tì, sinimá wá tẹ̀ lé e. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹfà 2009, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Eric Knudsen dá sí ìdíje kan, níbi tí wọ́n ti ní kí olúkúlùkù fi kọ̀ǹpútà ṣe àwòrán ohun abàmì. Ó mú àwòrán àwọn ọmọdé, ó fi ọkùnrin gíga tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí kò lójú tí kò nímú sí ẹ̀yìn wọn, ó sì kọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ tì í bí ẹni pé ẹlẹ́rìí ló sọ ọ́. Slender Man ló pè é. Kí oṣù náà tó parí, Troy Wagner àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Alabama ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbé Marble Hornets jáde lórí YouTube, eré àríhe tí wọ́n ń fi hàn díẹ̀díẹ̀ títí di 2014, nínú èyí tí ọkùnrin aláìlójú náà ń tọ àwọn ọ̀dọ́ lẹ́yìn kiri. Kí n má purọ́, iṣẹ́ tó dára ni. Owó kékeré ni wọ́n fi ṣe é, ó sì ń dẹ́rù bani ju ọ̀pọ̀ sinimá olówó ńlá lọ.

Níbi ìdíje yẹn, gbogbo ènìyàn ló mọ̀ pé eré ni. Ìdíje náà ni "Ààlọ́ o!" tiwọn. Ṣùgbọ́n àwòrán kúrò níbẹ̀, ó ń ti ọwọ́ ọmọ kan bọ́ sí ọwọ́ ọmọ mìíràn, kò sì gbé ìdíje náà dání lọ.

Ní ọjọ́ 31 oṣù Karùn-ún 2014, ní ìlú Waukesha ní ìpínlẹ̀ Wisconsin, ọmọbìnrin méjì, ọmọ ọdún 12, mú ọ̀rẹ́ wọn tí wọ́n jọ wà ní kíláàsì lọ sínú igbó kan. Ilé ọ̀kan nínú wọn ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sùn mọ́jú ọjọ́ náà. Wọ́n fi ọ̀bẹ ìdáná gún un ní ìgbà 19, wọ́n sì fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Ọmọ náà rá dé ẹ̀bá ọ̀nà, ẹnì kan tó ń gun kẹ̀kẹ́ kọjá rí i, Ọlọ́run sì yọ ọ́, kò kú. Nígbà tí ọlọ́pàá bá àwọn méjì yòókù, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń rìn lọ. Wọ́n ní àwọn ń lọ sí ilé ńlá Slender Man nínú igbó kan ní àríwá ìpínlẹ̀ náà, àti pé bí àwọn kò bá pa ènìyàn fún un, yóò ṣe àwọn ẹbí àwọn níbi.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé íntánẹ́ẹ̀tì nìkan ló fa èyí. Ilé-ẹjọ́ rí i pé àìsàn ọpọlọ wà nínú ọ̀rọ̀ náà, ilé ìwòsàn ọpọlọ ni wọ́n sì rán àwọn ọmọ méjèèjì lọ, pé kí ọ̀kan wà lábẹ́ àbójútó fún ọdún 25, kí èkejì wà níbẹ̀ fún 40, bí ara wọn kò bá tètè yá. Àìmọye ọmọ ló wo àwòrán kan náà tí wọn kò gbé ọ̀bẹ. Ohun tó ń dùn mí ni pé orúkọ ẹni tó dá Slender Man, àti ọjọ́ tó dá a, kò pamọ́ rárá. Ìṣẹ́jú márùn-ún ni àgbàlagbà yóò fi jókòó ti ọmọ, kí ó fi hàn án. Bóyá kò ní ran ẹni tí àìsàn ti wọ̀ lára lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọmọ mìíràn ló wà tí ẹ̀rù lásán kò jẹ́ kí wọ́n sùn.

Ní 2018, ilé-iṣẹ́ Sony gbé sinimá Slender Man jáde, tí kì í tilẹ̀ ṣe àríhe. Bàbá ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tó mú ọ̀bẹ bínú sí i ní gbangba. Ilé sinimá Marcus kọ̀ láti fi í hàn ní agbègbè Waukesha àti Milwaukee, mo sì kí wọn fún un.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé òyìnbó nìkan ni irú èyí ń bá jà. Ta ló gbé inú ilé-ẹ̀kọ́ oníbùsùn ní Nàìjíríà tí kò gbọ́ nípa Madam Koi Koi, obìnrin oníbàtà gogoro tó ń rìn kó-kò-kó lóru? Ní 2004 ńkọ́, nígbà tí ariwo gba ìlú kan pé àwọn nọ́ńbà fóònù kan wà tó jẹ́ pé ẹni tó bá gbé ìpè wọn yóò kú? Kò sẹ́ni tó lè na ìka sí ẹni tó dá àwọn wọ̀nyẹn sílẹ̀. Ti orí íntánẹ́ẹ̀tì rọrùn jù ú lọ, nítorí ó máa ń ní ọjọ́ àti ipasẹ̀.

Àpẹẹrẹ rẹ̀ ni èyí tí àwọn ọmọ ń pè ní Backrooms. Ní 2019, ẹnì kan gbé àwòrán yàrá òfìfo kan tí ògiri rẹ̀ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹlòmíràn sì fi ìtàn lé e pé ènìyàn lè já bọ́ láti ayé yìí sínú rẹ̀, kí ó máa rìn láti yàrá dé yàrá láìrí ọ̀nà àbájáde. Ní oṣù Kìn-ín-ní 2022, Kane Parsons, ọmọ ọdún 16, fi kọ̀ǹpútà ṣe eré àríhe lé e lórí, àìmọye ènìyàn wò ó, ilé-iṣẹ́ A24 sì kéde ní 2023 pé àwọn yóò sọ ọ́ di sinimá ńlá. Fún ọdún púpọ̀ ni àwọn ọmọ ń bi ara wọn léèrè ibi tí yàrá náà wà. Ní 2024, àwọn tó ń tọpa rẹ̀ rí i. Ìlú Oshkosh ló wà, ní Wisconsin kan náà. Ilé tí wọ́n ti ń ta àga àti bẹ́ẹ̀dì tẹ́lẹ̀ ni, wọ́n sì ya àwòrán náà ní 2002, nígbà tí wọ́n ń tún ibẹ̀ ṣe kí wọ́n lè máa ta ọkọ̀ ìṣeré àti bàlúù ìṣeré fún ọmọdé.