Òótọ́ àbí irọ́? Abọ́ ìfọwọ́ kan, ọwọ́ mẹ́fà

Ní Ìpáò-Èkìtì, iyán kì í ṣe ohun à-ń-wá-kiri. Bí ẹ bá yà sílé oníyán lọ́sàn-án, kí ẹ tó wo ọbẹ̀, ẹ kọ́kọ́ wo abọ́ ìfọwọ́. Ọlọ́kadà ti bọ ọwọ́ sí i, tíṣà ti bọ ọwọ́ sí i, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ toko dé náà kò gbẹ́yìn. Nígbà tó bá máa kàn yín, omi ti dúdú, epo ọbẹ̀ sì ti lé téńté sójú rẹ̀. Ẹ ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, ẹ gbọ̀n ọ́n nù, ó di orí òkèlè. Ṣé ẹ ti fọwọ́?

Irọ́ ni. Ẹ bá àwọn tó ṣáájú yín pín ìdọ̀tí ni. Iṣẹ́ ọṣẹ ni kó tú ọ̀rá àti ẹ̀gbin kúrò lára awọ. Omi tó ń ṣàn ló ń kó wọn lọ. Omi tó dúró sójú kan kò kó nǹkan kan lọ síbì kankan.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé ará oko nìkan ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ní Gánà, Veronica Bekoe, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì, rí i pé inú abọ́ kan náà ni àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ níbi àyẹ̀wò àìsàn ti ń fọwọ́ lẹ́yìn iṣẹ́. Àwọn tó mọ kòkòrò ju gbogbo wa lọ! Ó ní kí wọ́n fi ẹ̀rọ omi sídìí bọ́kẹ́ẹ̀tì, kí wọ́n gbé abọ́ sábẹ́ rẹ̀. Bọ́kẹ́ẹ̀tì yẹn náà la tò sẹ́nu ọ̀nà báńkì àti ṣọ́ọ̀ṣì lásìkò Kòrónà ní 2020. Ó ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì púpọ̀. Aláǹtakùn ló ń lò ó.

"Ọwọ́ òsì ni mo fi ń ṣàn ìdí, ọ̀tún ni mo fi ń jẹun. Kí ni mo fẹ́ fọ ọ̀tún fún?" Àròyé yìí wù mí, ó dà bíi ti lọ́yà. Àmọ́ ọwọ́ wo lẹ fi gbé búta? Èwo lẹ fi ṣílẹ̀kùn ṣálángá, tí ẹ fi fa ṣòkòtò sókè, tí ẹ fi bọ ọ̀gá lọ́wọ́ nígbà tí ẹ jáde? Irọ́.

"Ìtọ̀ lásán ni mo tọ̀." Irọ́ náà ni. Ẹni tó di ilẹ̀kùn yẹn mú ṣáájú yín lè má jẹ́ ìtọ̀ ló tọ̀.

"Omi gbígbóná ló dáa." Irọ́, bí ọyẹ́ tilẹ̀ ń mú. Ní 2017, àwọn olùwádìí Yunifásítì Rutgers ní Amẹ́ríkà fi omi tutù wé omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, wọn ò rí ìyàtọ̀. Ọṣẹ olówó ńlá tó ń pariwo pé òun ń pa kòkòrò ńkọ́? Ní 2016, ìjọba Amẹ́ríkà fòfin de èròjà 19 nínú irú ọṣẹ bẹ́ẹ̀, nítorí àwọn tó ń ṣe é kò rí ẹ̀rí mú wá pé ó ju ọṣẹ lásán lọ. Ọṣẹ dúdú tó.

"Ọwọ́ mi mọ́, ẹ wò ó." Bẹ́ẹ̀ làwọn dókítà ilé ìwòsàn kan ní Vienna, ní Austria, náà ń wí láyé ọjọ́un. Wọ́n á kúrò nídìí òkú tí wọ́n ń là, wọ́n á lọ gbẹ̀bí. Ní oṣù kẹrin 1847, nǹkan bí 18 nínú 100 ìyálọ́mọ ló ń kú ní wọ́ọ̀dù wọn. Dókítà kan láàárín wọn, Ignaz Semmelweis, ní kí wọ́n máa fi omi kílórín fọwọ́. Nígbà tó fi di oṣù kẹfà, ó ti wálẹ̀ sí nǹkan bí 2. Inú sì bí àwọn dókítà mìíràn pé ó pe àwọn ní onídọ̀tí.

Ó ku òótọ́ kan. Láyé àtijọ́, ọmọdé ló ń bu omi sí àgbà lọ́wọ́, tí omi ń ṣàn sílẹ̀. Èyí dáa ju abọ́ lọ fíìfíì. Lọ́jọ́ kan mo bẹ oníyán kan pé kó jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ bá mi fi kọ́ọ̀pù da omi sọ́wọ́. Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ọba wa."