Notre-Dame: Òpó tó dúró láàárín òrùlé, àmọ́ tí kì í ṣe òun ló gbé òrùlé

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 15 oṣù Kẹrin ọdún 2019, iná jó òrùlé kàtídírà Notre-Dame ní ìlú Paris. Igi oak tí àwọn káfíńtà gbẹ́ ní nǹkan bí 800 ọdún sẹ́yìn ló pọ̀ jù nínú ohun tó bá iná náà lọ. Igi pọ̀ lókè àjà ọ̀hún débi pé "igbó" ni àwọn ará Faransé ń pe ibẹ̀.

Nígbà tó di pé kí wọ́n tún un kọ́, àwọn kan ní kí wọ́n lo irin tàbí kọnkéré. Èyí kì í ṣe ohun àjèjì, nítorí kọnkéré ni wọ́n fi tún òrùlé kàtídírà Reims ṣe lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní. Àmọ́ ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2020, àwọn káfíńtà tó yọ̀ǹda ara wọn fi àáké gbẹ́ férémù òrùlé kan, wọ́n sì gbé e dìde níwájú Notre-Dame láti fi hàn pé ọ̀nà àtijọ́ ṣì ṣeé tọ̀. Igi náà ni wọ́n padà lò. Ó gba nǹkan bí 2,000 igi oak kí kàtídírà náà tó ṣí ní oṣù Kejìlá ọdún 2024.

Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ irú òrùlé bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ iṣẹ́ igi kọ̀ọ̀kan, òpó àárín sì ni èyí tó ń tan ojú jẹ jù.

Kí ni iṣẹ́ òpó náà gan-an?

Bí a bá wo férémù ńlá kan láti iwájú, igun mẹ́ta la ó rí. Igi méjì fi orí ti ara wọn lókè, ìtí igi gígùn kan dábùú nísàlẹ̀, òpó kan sì wà lóòró láàárín. King post ni wọ́n ń pè é lédè Gẹ̀ẹ́sì, ìyẹn òpó ọba.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò rò pé ó ń fi orí gbé òrùlé, bí òpó ọ̀dẹ̀dẹ̀ ààfin ṣe ń ṣe. Ṣùgbọ́n òpó ọ̀dẹ̀dẹ̀ fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀. Ẹsẹ̀ òpó ọba kò kúrò lára ìtí ìdábùú, abẹ́ ìtí náà sì ṣófo. Bí ẹrù òrùlé bá jókòó síbẹ̀, àárín ìtí náà yóò tẹ̀, ó sì lè ṣẹ́.

Ìwúwo òrùlé ń ti ẹsẹ̀ igi méjèèjì síta, bí ẹni tó yasẹ̀ lórí ilẹ̀ tó ń yọ̀. Ìtí ìdábùú ló so ẹsẹ̀ wọn pọ̀ kí wọ́n má baà ti ògiri wó. Àmọ́ ìtí gígùn wúwo, àárín rẹ̀ a sì máa fẹ́ sọ̀ wálẹ̀. Ibẹ̀ ni òpó ọba ti wúlò. Igi méjèèjì fún orí rẹ̀ pinpin lókè, kò lè bọ́; ẹsẹ̀ rẹ̀ wá di ìtí náà mú. Òkè ló ti so rọ̀, ó sì ń fa ìtí sókè bí okùn ṣe ń fa korobá inú kànga.

Nígbà tó di ọ̀rúndún 19, àwọn akọ́lé ní Yúróòpù ń fi ọ̀pá irin tẹ́ẹ́rẹ́ rọ́pò òpó yìí. Bí ẹrù bá tẹ irú ọ̀pá bẹ́ẹ̀ lórí, yóò wọ́. Bí a bá fà á, kò mira.

Ti ayaba àti ti adé ńkọ́?

Òpó ayaba jẹ́ méjì, ọ̀kan lápá ọ̀tún, èkejì lápá òsì. Wọ́n dára níbi tí òrùlé bá fẹ̀ jù. Òpó adé, tó wọ́pọ̀ nínú ilé àtijọ́ ní England, yàtọ̀ pátápátá: òun dúró sórí ìtí ìdábùú, ó sì ń gbé ẹrù ní tòótọ́. Nítorí náà, ìtí abẹ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ ki dáadáa.

Ibo ni ewu wà?

Oríkèé ẹsẹ̀ òpó ọba ni. Àwọn káfíńtà Nàìjíríà náà ń fi òpó bẹ́ẹ̀ sáàárín férémù abẹ́ páànù. Ẹni tó bá gbà pé ẹrù ló ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ lè fi ìṣó kúkurú méjì kàn án, kó sì máa lọ. Fífà ni iṣẹ́ rẹ̀, ìṣó bẹ́ẹ̀ yóò sì fà yọ. Ìdí nìyẹn tí àwọn àgbà káfíńtà Yúróòpù fi máa ń fi irin gbá ẹsẹ̀ òpó mọ́ ìtí.

Èyí tó tún burú ni kí onílé gé ìtí ìdábùú kí òkè àjà lè di yàrá. Òrùlé lè má wó lọ́jọ́ náà, àmọ́ ògiri yóò máa ṣí síta díẹ̀díẹ̀, títí yóò fi sán.