Tírámù tó ń gorí afárá Carter

Reluwé ò lè wẹ odò. Ohun tó bí tírámù Èkó nìyẹn. Nígbà tí wọ́n ṣí ojú irin Èkó sí Ìbàdàn lóṣù kẹta ọdún 1901, Ìdó ló parí sí. Ọjà, ọ́fíìsì ìjọba àti ọkọ̀ òkun sì wà lódìkejì ọ̀sà. Títí di òní, reluwé Ìlà Pupa (Red Line) tó ń ti Agbádó bọ̀, Oyíngbó ló ń já èrò sí. Ẹni tó bá ń lọ sí Ìsàlẹ̀ Èkó, kó wá dáńfó wọ̀.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì dọ́gbọ́n sí i lọ́dún 1902. Wọ́n tẹ́ irin sórí afárá Carter tó ṣẹ̀ṣẹ̀ délẹ̀ nígbà náà, tírámù sì ń fa èéfín láti Ìdó wọ erékùṣù Èkó, ó di èbúté Kọ́sítọ́ọ̀mù ní Márínà. Ṣùgbọ́n ẹ wo nǹkan tí wọ́n ṣe o. Àlàfo irin reluwé ńlá jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 3 àti ínṣì 6. Ti tírámù jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 2 àti ínṣì 6. Nítorí ẹsẹ̀ bàtà kan péré, wágọ́nù tó bá ti òkè wá ò lè kọjá Ìdó. Kí wọ́n já ẹrù rẹ̀, kí wọ́n tún un dì sínú wágọ́nù kékeré. Lóòótọ́, irin kékeré kì í wọ́nwó, ó sì máa ń yí kọ́nà àdúgbò wẹ́rẹ́. Àmọ́ lójú tèmi, alárù ló jèrè rẹ̀ jù.

Nígbà tí 1913 ń lọ sópin, wọ́n ní tírámù ò gbé èrò mọ́. Irin náà ò sinmi, torí ẹrù mìíràn ti wà lórí rẹ̀ ṣáájú: ìgbẹ́. Ilé ìgbẹ́ oníomi ò wọ́pọ̀ nígbà yẹn. Póò ló wà lábẹ́ ihò ilé ìgbẹ́. Agbépòó á gbé e lóru, tírámù á gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó di ọ̀sà. Ogún ọdún gbáko ni ìgbẹ́ ará Èkó fi ń wọ ọkọ̀ lẹ́yìn tí ẹni tó ni ín ti ń fẹsẹ̀ rìn.

Lọ́dún 1933 ni tírámù kógbá wọlé pátápátá. Agbépòó ò bá a lọ. Èmi gan-an bá wọn láyé. Wọ́n á fi aṣọ bojú, póò lórí, ìgbálẹ̀ lọ́wọ́. Ọmọ tó bá dí imú tàbí tó bú u, agbépòó lè sọ póò náà kalẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà yín, kó máa bá tiẹ̀ lọ. Ìyá rẹ ni yóò wá sáré tẹ̀ lé e pẹ̀lú owó ẹ̀bẹ̀.