Táìtì fọ́líbọ́ọ̀lù: kí ló wà nínú aṣọ tó ń fà yẹn gan-an?

Ọjọ́ Sátidé tó kọjá, mo wà ní Ìròlú lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Ọmọ wọn tó wà ní JSS3 mọ fọ́líbọ́ọ̀lù gbá dáadáa, àmọ́ ó ní òun ò lọ sí prátíìsì mọ́. Kí ló dé? Kóòṣì ní kí gbogbo wọn ra táìtì kúkurú. Ẹ̀gbọ́n mi sì fárígá: ọmọ àwọn ò ní wọ aṣọ tó lẹ̀ mọ́ra báyẹn jáde láéláé.

Mi ò lè bá wọn jà, torí mo mọ ohun tó ń bà wọ́n lẹ́rù. Wọ́n wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí èmi náà wọ táìtì ọjà, tí mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti gba bọ́ọ̀lù, tí gbogbo àwọn tó jókòó lẹ́yìn mi sì rí àwọ̀ pátá mi. Ọ̀sẹ̀ yẹn ni mo kúrò nínú tíìmù. Ó pẹ́ gan-an kí n tó mọ̀ pé kì í ṣe ara mi ló lẹ́bi, aṣọ ni.

Ohun tó ń jẹ́ kí aṣọ yẹn fà ni òwú kan tí wọ́n ń pè ní spandex. Elastane ni wọ́n ń pè é ní Yúróòpù. Lycra tí ẹ máa ń gbọ́ yẹn, orúkọ tí ilé-iṣẹ́ kan fi ń ta tiwọn ni, bí a ṣe ń pe gbogbo noodles ní Indomie. Joseph Shivers, onímọ̀ kẹ́místírì ní ilé-iṣẹ́ DuPont ní Amẹ́ríkà, ló ṣe é jáde ní 1958. Kì í ṣe eré ìdárayá ló wà lọ́kàn wọn rárá o. Rọ́bà inú aṣọ tí àwọn obìnrin fi ń fún ikùn ni wọ́n ń wá nǹkan fi rọ́pò, torí òógùn àti òróró ara máa ń ba rọ́bà jẹ́.

Báwo ló ṣe ń fà? Ẹ fa ẹyọ irun kan lórí yín, irun tí ẹ kò tíì fi kírìímù nà. Á gùn, ẹ jọ̀wọ́ rẹ̀, á padà ká. Bẹ́ẹ̀ ni òwú yìí rí nínú lọ́hùn-ún, níbi tójú ò lè dé. Àwọn ibì kan nínú rẹ̀ rọ̀, wọ́n ká jọ bí irun yẹn. Àwọn ibì kan le, wọ́n dà bíi kókó okùn. Tí ẹ bá fà á, ibi tó rọ̀ á nà, kókó yẹn á sì dì í mú kó má bàa sọnù, kó lè padà síbi tó ti wà. Òwú spandex lásán lè gùn tó ìlọ́po márùn-ún, kó sì tún padà.

Àmọ́ wọn kì í fi spandex nìkan ṣe aṣọ. Wọ́n máa ń hun ún mọ́ polyester tàbí nylon. Nínú táìtì eré ìdárayá, spandex sábà máa ń tó ìdá 10 sí 20 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìyókù ló ń bo ara. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tèmi ti bẹ́yìn yọ. Tí wọ́n bá hun ún fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, bó ṣe ń fà ni àlàfo àárín òwú ń fẹ̀, ìmọ́lẹ̀ á sì gba ibẹ̀ kọjá. Lórí tábìlì ọlọ́jà, ó dúdú kirikiri. Nídìí ẹni tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó di àwọ̀n.

Ẹni tó ń gbá fọ́líbọ́ọ̀lù ò sì lè ṣe kó má bẹ̀rẹ̀. Mítà 2.24 ni nẹ́ẹ̀tì àwọn obìnrin ga. Wàá fò sókè lu bọ́ọ̀lù, kí o tó mọ̀, o ti wà nílẹ̀, orúnkún kíká, tàbí kí o fàyà gbálẹ̀. Ṣòkòtò tí kì í fà á fún ẹ mọ́ itan tàbí kó ya. Síkẹ́ẹ̀tì? Ẹ má wulẹ̀ dán an wò.

Mo ṣàlàyé fún ẹ̀gbọ́n mi pé jẹ́sì, ṣòkòtò péńpé, ìbọ̀sẹ̀ àti bàtà ni ìwé òfin eré náà kà sílẹ̀, kí ti tíìmù kan sì bára mu. Kò sọ pé ó gbọ́dọ̀ lẹ̀ mọ́ra. Kódà lórí iyanrìn etí òkun, níbi tí bíkínì ti gbajúmọ̀, FIVB, àjọ tó ń darí eré náà lágbàáyé, fàyè gba ṣòkòtò péńpé àti aṣọ alápá ní 2012, kí Olympics London tó bẹ̀rẹ̀. Ní Rio ní 2016, Doaa Elghobashy ti Íjíbítì gbá tiẹ̀ pẹ̀lú híjáàbù lórí, tapá tẹsẹ̀ rẹ̀ bò.

Ẹ̀gbọ́n mi pe kóòṣì lórí fóònù. Ó ní kò sí wàhálà, kí ọmọ wọ ṣòkòtò péńpé lé táìtì. La bá gba ọjà Ṣàgámù lọ.

Mo kọ́kọ́ ka lébẹ́ẹ̀lì. Lẹ́yìn náà, mo na aṣọ sórí ìkúùkù mi, mo gbé e sójú oòrùn: ṣé àwọ̀ ọwọ́ mi ń hàn? Mo jọ̀wọ́ rẹ̀: ṣé ó padà kíákíá, àbí ó dẹ̀ síbẹ̀? Òkìríkà kan wà tó lẹ́wà gan-an, àmọ́ òwú tín-ín-tín ti ń yọ jáde létí rẹ̀. Spandex inú ìyẹn ti kú. Áyọ́ọ̀nù gbígbóná àti Hypo ló sábà máa ń pa á, torí náà omi tútù àti ọṣẹ ló tó, kí ẹ sì sá a síbòji. Ìyá tó ń tajà bojú wò mí bíi pé mo fẹ́ ya ọjà wọn, àmọ́ mi ò ṣíwọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi fúnra wọn ló na èyí tó kẹ́yìn sójú oòrùn. Wọ́n wò ó títí.

“Kò hàn,” wọ́n ní.

Wọ́n ra méjì, wọ́n ra ṣòkòtò péńpé mọ́ ọn. Ọjọ́ Mọ́ńdè ni prátíìsì.