Obìnrin bí ọkùnrin nínú eré àwọn ará Kòríà

Irun rẹ̀ kúrú. Ṣòkòtò ni ó máa ń wọ̀. Ó ń gun alùpùpù kiri láti gbé oúnjẹ fún àwọn oníbàárà, ó sì ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ìjà taekwondo. Ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ó bá rí i ni yóò rò pé ọmọkùnrin ni. Ṣùgbọ́n obìnrin ni. Go Eun-chan ni orúkọ rẹ̀ nínú Coffee Prince, eré ìfẹ́ tí ilé-iṣẹ́ amóhùnmáwòrán MBC ti Gúúsù Kòríà gbé jáde ní ọdún 2007.

Kí ni ó mú Eun-chan ṣe bẹ́ẹ̀? Bàbá rẹ̀ ti kú. Òun ni ó ń bọ́ ìyá rẹ̀ àti àbúrò rẹ̀ obìnrin. Ilé kọfí kan wà tí ó ń wá òṣìṣẹ́, ṣùgbọ́n ọkùnrin nìkan ni wọ́n ń gbà. Eun-chan kò sọ pé obìnrin ni òun. Ó gba iṣẹ́ náà. Nígbà tí ó yá, Han-kyul, ọ̀gá rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ràn rẹ̀. Ọkàn ọ̀gá dàrú, nítorí ó rò pé ọkùnrin bíi tirẹ̀ ni.

Ní èdè Yorùbá, ọkùnrin àti obìnrin ni ó ń lo ọ̀rọ̀ kan náà, "ẹ̀gbọ́n". Ní èdè Kòríà, kò rí bẹ́ẹ̀. Obìnrin a máa pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ní "oppa". Ọkùnrin a máa pè é ní "hyung". Nítorí náà, bí Eun-chan bá ti pe Han-kyul ní "hyung", ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí ti fi òtítọ́ pamọ́.

Ní ọdún 2010, Sungkyunkwan Scandal jáde. Sungkyunkwan jẹ́ ilé ẹ̀kọ́ gíga tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1398. Kò gba obìnrin láyè. Nínú eré náà, Kim Yoon-hee ń da ìwé kọ fún owó, kí ó lè ra oògùn fún àbúrò rẹ̀ tí ń ṣàìsàn. Ó wọ aṣọ ọkùnrin, ó gba orúkọ àbúrò rẹ̀, ó sì wọ ilé ẹ̀kọ́ náà.

Ní ọdún 2016, eré mìíràn sọ ìtàn Kim Bok-joo, ọmọbìnrin tí ń gbé irin wúwo nínú ìdíje. Kò díbọ́n bí ọkùnrin. Síbẹ̀, nígbà tí ó fẹ́ràn dókítà kan, ojú tì í láti sọ iṣẹ́ rẹ̀. Ó purọ́ pé olórin ni òun. Ẹni tí ó wá fẹ́ ẹ mọ̀ pé irin ni ó ń gbé, ó sì fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Àwọn obìnrin mẹ́ta yìí purọ́. Ẹ jẹ́ kí a bi ara wa: ta ni ó ti ilẹ̀kùn tí irọ́ náà fi di kọ́kọ́rọ́?

Àwa náà máa ń yin obìnrin akíkanjú pé "obìnrin bí ọkùnrin" ni. Oríyìn ni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ó ń sọ pé ti ọkùnrin ni agbára, pé ńṣe ni obìnrin yá a lò. Ní òpin Coffee Prince, Eun-chan lọ sí Ítálì láti kọ́ iṣẹ́ kọfí sí i. Olólùfẹ́ rẹ̀ dúró dè é. Kò yá agbára lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Tirẹ̀ ni.