Ọmọlanke Ẹlẹ́rọ fún Fífa Ọkọ̀ Omi

Kò sí ẹni tí ó ti lo sáà kan ní ilé-ẹ̀kọ́ yìí tí kò mọ ọkọ̀ omi wa. Ẹsẹ̀ méjì ni ó ní, kò ní ẹ̀rọ nínú, àgbá ńlá tí ó gba 500 lítà omi ni a sì dè mọ́ orí rẹ̀. Bí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ bá wà, a lè so ó mọ́ ọn lẹ́yìn kí ó fà á lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ó ti ìdí kànga ẹ̀rọ lọ sí ilé ìdáná há tó bẹ́ẹ̀ tí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kò lè gbà á. Nítorí náà, èjìká àwa akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́jọ ni a fi ń tì í ní àràárọ̀, a ó sì dé inú kíláàsì pẹ̀lú òógùn àti àárẹ̀.

Ní sáà tí ó kọjá, àwa mélòó kan kan ọmọlanke ẹlẹ́rọ kan láti máa fa ọkọ̀ yìí. Ọ̀pọ̀ nínú yín ti bi wá bí a ti ṣe é. Àwọn mìíràn sì ń bi wá ìdí rẹ̀ tí ó fi lọ kọ lu ògiri ilé ìdáná ní ọjọ́ kìn-ín-ní. Ìbéèrè méjèèjì ni a fẹ́ dáhùn níhìn-ín, nítorí ìdáhùn èkejì ni ẹ̀kọ́ tí ó tóbi jù.

Kì í ṣe àwa ni a kọ́kọ́ ronú kan irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ní Amẹ́ríkà àti ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn tí ó ní ọkọ̀ ojú omi, tàbí ilé onítáyà tí ọkọ̀ ń fà, a máa kan án fúnra wọn ní ẹ̀yìnkùlé, kí wọn lè fi ti ẹrù wọn sí ààyè tóóró. Àwọn ilé-iṣẹ́ a máa ṣe é tà pẹ̀lú, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Ohun tí ó jẹ́ kò ju èyí lọ: ọmọlanke kúkúrú tí ó ní ẹsẹ̀ méjì, bátìrì, ẹ̀rọ tí ń yí ẹsẹ̀ náà, ọwọ́ gígùn tí a fi ń darí rẹ̀, àti orí irin róbótó kan tí ẹnu ọkọ̀ ẹrù yóò gbé lé.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ ṣírò ìwọ̀n ẹrù wa. Lítà omi kan jẹ́ kílò kan. 500 lítà jẹ́ 500 kílò. Irin ọkọ̀ náà pẹ̀lú táyà àti àgbá jẹ́ nǹkan bí 100 kílò. Gbogbo rẹ̀ di 600. Ṣùgbọ́n a kò ní láti gbé 600 kílò. Àwọn ẹsẹ̀ ọkọ̀ ni ó gbé e, tiwa ni láti mú kí wọn yí. Lórí ilẹ̀ líle tí ó tẹ́jú, bí afẹ́fẹ́ bá kún táyà dáadáa, agbára tí a nílò kò ju nǹkan bí ìdá 2 nínú ìdá 100 ìwọ̀n ọkọ̀ náà lọ, èyíinì ni 12 kílò. Bí ilẹ̀ bá ń gòkè ní mítà 1 nínú mítà 20, ìdá 5 yóò kún un, èyíinì ni 30 kílò sí i. Ọ̀nà wa gòkè tó bẹ́ẹ̀, àpapọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ 42. A pinnu láti ṣe ọmọlanke tí yóò lè fi agbára 50 kílò fà. Lórí iyanrìn rírọ̀, ìdá 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni a lè nílò. Nítorí náà a kò ṣe é fún iyanrìn.

Agbára ẹ̀rọ kò wúlò bí táyà kò bá di ilẹ̀ mú. Ìwọ̀n tí ó bá tẹ táyà mọ́lẹ̀ ni ó ń fún un ní ìdìmú. Lórí ilẹ̀ gbígbẹ tí ó le, a lè gbẹ́kẹ̀lé ìdajì ìwọ̀n náà. Bí a bá gbé ẹrù sí ipò tí ó yẹ lórí ọkọ̀ àfà, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá rẹ̀ ni yóò tẹ ọrùn ọkọ̀ náà. Tiwa jẹ́ 60 kílò. Ọmọlanke fúnra rẹ̀ jẹ́ 40, nítorí a gbé bátìrì wíwúwo lé orí ẹsẹ̀ rẹ̀ gan-an. Ìdajì 100 sì ni 50 tí a ń wá. Lórí koríko tí òjò pa, ìdìmú yìí a dín kù púpọ̀.

Ó wá ku ìyára. Ẹ̀rọ wa a máa yí ní ìgbà 3,000 ní ìṣẹ́jú kan. Ẹsẹ̀ ọmọlanke náà, bí ó bá yí lẹ́ẹ̀kan, yóò rin mítà kan àti ìdá mẹ́rin mítà. Bí a bá so ẹ̀rọ mọ́ ẹsẹ̀ láìsí jíà, àfi bí ẹni pé a fẹ́ kí omi wa rin ju ibùsọ̀ méjì lọ ní ìṣẹ́jú kan! Kò lè rìn rárá. Yóò dúró gbagidi, yóò sì jóná. Jíà ni ó ń sọ ìyára di agbára. Èkíní tí a lò jẹ́ irin tí ara rẹ̀ rí bí ìṣó tí a ń yí wọ inú igi, tí ó ń yí irin eléyín kan tí ó dúró tì í. Àwọn òyìnbó a máa fi ekòló pe irú rẹ̀, àwa náà sì ń pè é ní jíà ekòló. Ìgbà 50 ni ẹ̀rọ yóò yí kí irin eléyín náà tó yí lẹ́ẹ̀kan. Láti ibẹ̀, ṣéènì alùpùpù yóò ti ara eyín 14 lọ sí ara eyín 42. Ìlọ́po mẹ́ta nìyẹn. Àádọ́ta lọ́nà mẹ́ta jẹ́ 150. 3,000 tí a bá pín sí ọ̀nà 150 jẹ́ 20. Nítorí náà ọmọlanke wa ń rin mítà 25 ní ìṣẹ́jú kan, ìrìn ọmọdé tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìrìn.

Ẹ̀rọ tí ó tó nǹkan bí 400 wáàtì ni iṣẹ́ yìí gbà, nítorí jíà ekòló a máa fi ìfarakínra pa nǹkan bí ìdajì agbára náà run. Láti ara bátìrì onífóòtì 12, iná tí yóò kọjá ju 30 áńpìà lọ: wáyà gbọ́dọ̀ nípọn, fíúsì sì gbọ́dọ̀ wà lẹ́bàá bátìrì.

Ní ti ara rẹ̀, irin onígun ni jórinjórin fi ṣe é. A jẹ́ kí ẹsẹ̀ méjèèjì súnmọ́ ara wọn, kí títẹ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún má baà nira. A tún ṣàkíyèsí pé bí ọmọlanke bá ń fà, ọwọ́ rẹ̀ a máa fẹ́ ta sókè. Bí orí irin róbótó bá sì ti ga tó ni yóò ṣe ta tó. Nítorí náà a gbé e sísàlẹ̀ tó bí ọkọ̀ ti gbà wá láyè, a sún un síwájú díẹ̀, a sì fi ẹsẹ̀ kékeré kẹta sábẹ́ ọwọ́.

Wàyí o, ìtàn ògiri. Ní àkọ́kọ́, eyín ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ ológeere ni a fi sí ara ẹsẹ̀ ọmọlanke, nítorí pé òun ni a rí lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń gun kẹ̀kẹ́ mọ̀ pé bí ẹ bá dẹ́kun títẹ̀ ẹ́, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn a máa yí lọ fúnra rẹ̀. A gòkè láti ìdí kànga láìsí ewu, inú wa ń dùn. Bí a ti dé orí òkè tí a kọjú sí ìsàlẹ̀, 600 kílò tì wá lẹ́yìn, ẹsẹ̀ ọmọlanke yí ju ẹ̀rọ lọ, kò sì sí ohun tí ó dì í mú mọ́. Ẹni tí ó di ọwọ́ rẹ̀ mú fò sí ẹ̀gbẹ́. Ògiri là, omi sì dànù. Ọmọ kékeré kan tí ó máa ń jókòó ṣa ẹ̀wà ní ìdí ògiri náà ti dìde lọ bu omi ní ìṣẹ́jú díẹ̀ ṣáájú. A kò lè gbàgbé èyí. Gbogbo ìṣirò wa ni a ṣe nítorí fífà. Ti dídúró ni a kò rò.

Nísinsìnyí, eyín 42 ti alùpùpù ni a fi bóòtù dè mọ́ ẹsẹ̀ pinpin, kò lè yí sá. Jíà ekòló sì ní ìwà rere kan: ẹ̀rọ lè yí ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ kò rọrùn láti yí ẹ̀rọ padà. Súìṣì wa kì í ṣiṣẹ́ àfi bí a bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Bí a bá jọ̀wọ́ rẹ̀, iná kú, ọkọ̀ sì dúró. Síbẹ̀, bí ṣéènì bá já, jíà kò lè ran ẹsẹ̀ lọ́wọ́ mọ́. Nítorí náà ẹnì kan gbọ́dọ̀ máa tẹ̀lé ọkọ̀ pẹ̀lú igi tí yóò fi há táyà. A kì í fi ọmọlanke nìkan ṣọ́ ọkọ̀ tí ó dúró ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ dúró ní ìsàlẹ̀ rẹ̀. Àgbá gbọ́dọ̀ kún, nítorí omi tí kò kún a máa bì síwá bì sẹ́yìn, a sì máa ti ọkọ̀.

Lónìí ènìyàn méjì ni ó ń ṣe iṣẹ́ ènìyàn mẹ́jọ. Àwọn àgbà wa ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ wa, nígbà tí a bá lọ di olùkọ́, tí ọmọ kan sì bi wá ohun tí ìlọ́po àti ìpín wà fún, ẹ jẹ́ kí á mú un lọ sí ìdí ohun tí ń yí, kí ó ka eyín rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ó tó yí i, ẹ jẹ́ kí á bi í bí yóò ti ṣe dá a dúró.