Ìtọ̀ Tó Ń Já Bọ́ Lára Obìnrin: Ó Ní Àwọn Tó Kọ́ṣẹ́ Ẹ̀

Ọ̀rọ̀ abẹ́ aṣọ ni mo gbé wá lọ́tẹ̀ yìí. A kì í sọ ọ́ níta, àmọ́ tí a ò bá sọ ọ́ láàárín ara wa, ta la fẹ́ bá sọ ọ́? Ọ̀rọ̀ obìnrin tí ìtọ̀ ò dúró lára ẹ̀ mọ́ ni.

Tó bá wúkọ́, ìtọ̀ á já. Tó bá sín, tó bá rẹ́rìn-ín, tó bá gbé ẹrù nílẹ̀, aṣọ abẹ́ á tutù. Òmíràn á di àkísà mọ́ra wá sọ́jà. Òmíràn ò ní mu omi láti àárọ̀ títí di alẹ́. Òmíràn ò wá sí ìpàdé mọ́, àwa a sì máa sọ pé ó ń gbéra ga. Àwọn kan á ní èpè ni, àbí orogún ló ṣe é. Ẹ jọ̀wọ́, kì í ṣe èpè. Ara ló bàjẹ́ níbì kan, àwọn kan sì wà tó kọ́ iṣẹ́ àtúnṣe ẹ̀.

Ohun tó wà lábẹ́ ikùn wa

Ẹ wo àpò tí a bá kó ẹrù sí. Ìdí àpò ló ru gbogbo ẹrù. Bẹ́ẹ̀ náà ni Ọlọ́run ṣe ta iṣan sábẹ́ ikùn wa, láti egungun iwájú títí dé egungun ìdí. Iṣan yìí ló gbé àpòòtọ̀, ilé ọmọ àti ìfun ró. Òun ló tún ń fún ẹnu ọ̀nà ìtọ̀ àti ti ìgbẹ́ pa. Oyún àti ọmọ bíbí máa ń fà á. Ọjọ́ orí, ara sísan jù, ikọ́ tí ò lọ, ìgbẹ́ líle àti ẹrù wúwo, gbogbo ẹ̀ ló ń dá kún un. Tó bá ti dẹ̀, ìtọ̀ á máa já bọ́. Nígbà míràn ilé ọmọ á sọ̀ kalẹ̀, obìnrin á máa rí nǹkan tó yọ lójú ara.

Fífún iṣan

Dókítà kan wà ní ìlú Los Angeles ní Amẹ́ríkà, Arnold Kegel lorúkọ ẹ̀. Ní 1948 ó kọ ọ́ jáde pé bí iṣan apá ṣe ń le tí a bá ń lò ó, bẹ́ẹ̀ náà ni iṣan abẹ́ ikùn. Ó ṣe irinṣẹ́ kan tí obìnrin á fi sójú ara, tí á sì máa wo bí agbára iṣan ẹ̀ ṣe tó lójú aago.

Ní 1991, àwọn oníṣègùn Amẹ́ríkà dán nǹkan wò. Wọ́n fi ẹnu lásán ṣàlàyé fífún iṣan yìí fún obìnrin 47. Àwọn 23 péré ló ṣe é bó ṣe yẹ. Àwọn 12 ṣe é lọ́nà tó tiẹ̀ lè dá kún àìsàn náà. Kò yà mí lẹ́nu. Ẹni tó fẹ́ kọ́ aṣọ rírán, ṣé etí lásán ló fi ń kọ́ ọ? Ó gbọ́dọ̀ jókòó ti ọ̀gá.

Ní 1999, obìnrin kan láti Nọ́wè, Kari Bø, tí iṣẹ́ ẹ̀ jẹ́ physiotherapist, ìyẹn àwọn tó ń fi ìdárayá tọ́jú iṣan, gbé èsì iṣẹ́ tirẹ̀ jáde. Obìnrin 107 tí ìtọ̀ ń já lára wọn ni òun àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ pín sí ọ̀nà mẹ́rin fún oṣù mẹ́fà. Àwọn kan ń fún iṣan, wọ́n ń lo iná mànàmáná fún àwọn kan, àwọn kan ń fi nǹkan wúwo kékeré sójú ara, wọn ò ṣe nǹkan kan fún àwọn tó kù. Àwọn tó ń fún iṣan ló sàn jù. Àmọ́ ẹ gbọ́ o: ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lóòjọ́ ni wọ́n ń ṣe é, wọ́n sì ń pàdé olùkọ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Báyìí ni wọ́n ṣe ń ṣe é. Fún ara bí ẹni tó ń di ìtọ̀ àti ìsó mú, kí o fà á sókè sínú. Má sé èémí, má fún ìdí àbí itan. Dì í mú títí wàá fi ka mẹ́fà, kí o tú u sílẹ̀, kí o sinmi. Ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́jọ sí méjìlá, ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lóòjọ́. O lè jókòó níwájú àtẹ rẹ ṣe é, oníbàárà ò ní mọ̀. Kò ní sàn lọ́sẹ̀ kan, oṣù ló ń gbà. Fún un kí o tó gbé ẹrù, kí o sì jẹ́ kí alábàárù gbé èyí tó bá wúwo.

Èyí tó jẹ́ ihò

Èyí yàtọ̀. Tí obìnrin bá rọbí ju ọjọ́ kan lọ tí ọmọ ò wá, orí ọmọ á fún ẹran ara mọ́ egungun, ẹ̀jẹ̀ ò ní débẹ̀, ibẹ̀ á kú, á sì lu. Ìtọ̀ á máa dà tọ̀sántòru. Fífún iṣan ò lè dí ihò, rírán ni wọ́n ń rán an.

Ní Etiópíà, tọkọtaya dókítà kan, Reginald àti Catherine Hamlin, débẹ̀ ní 1959, wọ́n sì ṣí ilé ìwòsàn àìsàn yìí ní Addis Ababa ní 1974. Ọmọ abúlé kan, Mamitu Gashe, tí ò lọ sílé ẹ̀kọ́, dé ọ̀dọ̀ wọn ní 1962 pẹ̀lú àìsàn yìí. Wọ́n tọ́jú ẹ̀, kò sì padà sílé. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó ń gbé irinṣẹ́ fún wọn, ó ń wò wọ́n, títí wọ́n fi kọ́ ọ ní iṣẹ́ abẹ náà. Ó di ẹni tó ń kọ́ àwọn dókítà! Ní 1989, ilé ẹ̀kọ́ àwọn oníṣẹ́ abẹ ní Lọ́ńdọ̀nù fún un ní àmì ẹ̀yẹ wúrà. Nígbà tó di 2007, wọ́n dá ilé ẹ̀kọ́ àwọn agbẹ̀bí sílẹ̀ níbẹ̀, kí ihò náà má bàa wáyé rárá.

Nílé wa níbí, Kees Waaldijk, dókítà ará Họ́láǹdì, kọ́ ọ̀pọ̀ dókítà àti nọ́ọ̀sì níṣẹ́ yìí ní Kàtísínà. Ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ fún un wà ní Abakaliki náà. Yunifásítì Ìbàdàn sì ti ń kọ́ àwọn physiotherapist láti 1966.

Ohun tí a ó ṣe

Tí o bá dé ilé ìwòsàn, má kàn sọ pé inú ń rùn ọ́. Sọ pé ìtọ̀ ń já. Béèrè ẹni tó kọ́ iṣẹ́ iṣan abẹ́ obìnrin, nítorí kì í ṣe gbogbo wọn ló kọ́ ọ. Tí ìtọ̀ bá ń dà láìdúró lẹ́yìn ìbímọ, ẹ sáré lọ: tí wọ́n bá tètè fi rọ́bà gba ìtọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ihò kékeré lè dí fúnra ẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ nínú ìtọ̀, ẹ má fi falẹ̀. Ẹ má fi òùngbẹ pa ara yín, ìtọ̀ tó bá ki á máa ta àpòòtọ̀ ni.

Ẹni tó bá sì ń fi irú obìnrin bẹ́ẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ nínú ọjà wa, kó dákẹ́. Ọ̀nà kan náà ni gbogbo wa gbà bímọ. Ẹni tí ojú ń tì láti dá lọ, kó wá bá mi níkọ̀kọ̀, a ó jọ lọ.

Akọ̀wé Ẹgbẹ́